Abọ́ Kan Lójúmọ́

"Wàsílátù, sún sẹ́yìn," ni Ọ̀gbẹ́ni Festus, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa, wí. Wọ́n ṣáná sí ẹnu rọ́bà tó jáde láti inú dúrọ́ọ̀mù tí a dé pa lẹ́yìn kíláàsì. Iná kò ràn. Wọ́n tún un ṣá, kò ràn. Àwọn àlejò tó wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń pín irú ẹ̀rọ ìdáná bẹ́ẹ̀ wo aago wọn, wọ́n sì wọ mọ́tò wọn lọ.

Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè sunkún. Ogójì ọjọ́ ni mo fi ń ru ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti bàjẹ́ láti Gáréèjì Ìkòròdú, níbi tí màmá mi ti ń ta èso, wá sí ilé-ìwé. A ó gún un, a ó pò ó mọ́ omi àti ìgbẹ́ màlúù, a ó sì dé e kí atẹ́gùn má wọlé. Bó bá ṣe ń jẹrà níbẹ̀ ni yóò máa mú gáàsì ìdáná jáde. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, iná ti ràn díẹ̀. Àwọn àlejò sì ti ṣèlérí pé bó bá ràn lójú àwọn, ilé wa náà yóò ní irú ẹ̀, kí màmá mi bọ́ lọ́wọ́ èéfín igi tó ń mú wọn húkọ́.

"Ìgbẹ́ tí Bàbá Oyèdèjì gbé wá ni kò dáa," ni olùkọ́ wa wí. "Kí wọ́n má gbé e wá mọ́."

Bàbá Oyèdèjì ni olùṣọ́ géètì wa. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé ìgbẹ́ náà wá fún wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dúró ti ike wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ǹ bá dákẹ́, àmọ́ ojú tì mí.

"Sà, èmi ni. Ẹ ní kí n máa da abọ́ èso kan sí i lójúmọ́, kí n má sì fi èèpo ọsàn sí i. Ó rẹ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo da ti ọjọ́ márùn-ún sí i lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú èèpo ọsàn, kí n lè sinmi."

Ọ̀gbẹ́ni Festus mí kanlẹ̀. "O ti jẹ́ kó kan. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń ṣe gáàsì ti kú. A ó dà á nù, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò yẹn ò sì ní padà wá lọ́dún yìí."

"Ẹ má bínú, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Ó ti tán, ọmọ mi," ni Bàbá Oyèdèjì wí. "Lọ mú ṣọ́bìrì wá."

Ìrọ̀lẹ́ la tó gbọ́n ọn tán. Nígbà tí mo délé, màmá mi ń fẹ́ iná igi, wọ́n ń húkọ́. Mo gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo sinmi fún ọjọ́ márùn-ún, màmá mi ni yóò jẹ ìyà ẹ̀ fún ọdún kan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ní ká máa ṣe díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn bá kó o ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló bà á jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọn abọ́ èso kan lé ìgbẹ́ tuntun nínú dúrọ́ọ̀mù, mo dé e pa. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógójì kó tó tún pé ogójì.