Koríko Omi Inú Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó há bàtà sí abíyá, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ṣi ilé yà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé níbí ni omi ti ń ṣàìsàn?"

Ẹ̀rín pa mí. Èmi télọ̀, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. "Níbí ni. Aláìsàn náà wà ní pálọ̀."

Táńkì dígí bàbá mi gba odindi ògiri kan. Omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja aláwọ̀ ọsàn àti iyùn alààyè, irú èyí tó ń jẹun, tó sì máa ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n koríko omi tó rí bí irun ti bo gbogbo rẹ̀. Iyùn káwọ́ jọ bí ẹni tí wọ́n bú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bu omi sínú ìgò kékeré kan, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó mì ín. Omi náà dúdú bí aró.

"Ajílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi yìí," ló wí. "Fọ́sífétì ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ tí ẹja jẹ kù àti ìgbẹ́ wọn ló ń dà bẹ́ẹ̀. Koríko ń jẹ ẹ́, ó ń sanra, iyùn sì ń kú lọ."

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹja ló ń sọ, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọkọ ìyàwó. Mi ò ní purọ́, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí níbẹ̀.

Bí Dókítà Omi, orúkọ tí mo sọ ọ́, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha koríko, á fa omi àtijọ́ jáde, á da tuntun sí i. Èmi náà á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí pálọ̀, mo ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Kò pẹ́ tí "mà" fi di "Télọ̀ mi".

Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ nílé wa. Bàbá mi pàápàá ń bẹ̀rù wọn.

"Kápẹ́ẹ̀tì mi ló ń da omi sí," wọ́n máa ń wí. "Ọjọ́ tí omi yẹn bá mọ́, iṣẹ́ ẹ̀ parí nílé yìí nìyẹn."

Bàbá mi á kàn wúkọ́, wọ́n á yíjú sí ẹja wọn.

Ṣùgbọ́n omi kò mọ́. Koríko tí a bá ha lónìí, á tún ti hù lọ́la. Dókítà Omi yẹ omi tó ń gbé wá wò, kò sí ajílẹ̀ níbẹ̀. Ó po iyọ̀ mọ́ ọn, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Ti inú táńkì nìkan ló ń di aró.

"Ìfẹ́ mi, báwo lo ṣe ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Ìwọ̀nba tó o ní kí n máa fún wọn ni."

Ó gbà mí gbọ́. Ìyẹn tún jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Ọjọ́ tó wá tọrọ mi, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún un ló wọ̀. Àǹtí Àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n nawọ́ sí táńkì.

"Ẹni tí kò lè tọ́jú omi, ṣé ìyàwó ló máa tọ́jú?"

Bàbá mi kàn yíjú sí ẹja wọn. Inú bí mi sí wọn gan-an.

Lẹ́nu ọ̀nà, Dókítà Omi di ọwọ́ mi mú. "Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, Télọ̀ mi. Màá bá yín wá ẹlòmíì tó máa tọ́jú ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí iyùn yẹn kú torí pé mo fẹ́ máa rí ẹ."

Ẹkún ni mo sun sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ní èmi fúnra mi ni màá gba iyùn náà là. Mo dé pálọ̀, mo bá bàbá mi pẹ̀lú abọ́ edé tí wọ́n kó nínú fíríìsà. Wọ́n ń dà á sínú táńkì, wọ́n sì ń bá àwọn ẹja sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹun dáadáa, ẹ yàgbẹ́ dáadáa. Kí omi lè dọ̀tí, kí ọkọ ọmọ mi lè padà wá ní Sátidé."

"Dádì!"

Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Rọra, kí ẹ̀gbọ́n mi má gbọ́. Wọ́n ní tí omi bá mọ́, ọmọ náà ò gbọdọ̀ wá mọ́. Ọjọ́ tó bá wá nìkan ni mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ nílé yìí. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹkún àti ẹ̀rín gbá mi mú pọ̀. "Iyùn yín lẹ fẹ́ pa yẹn, Dádì."

"Iyùn ṣeé rà. Ẹ̀rín ẹ ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á."

A wẹ̀yìn báyìí, Àǹtí Àgbà ló dúró yẹn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wo àbúrò wọn tìtì.

"Torí tèmi lo ṣe ń jí edé nínú fíríìsà ara ẹ? Ṣé mo wá burú tó yẹn ni?"

Wọ́n kọjú sí mi. "Pè é. Kó wá parí iṣẹ́ ẹ̀."

Àǹtí Àgbà gba kọ́kọ́rọ́ fíríìsà sọ́wọ́. Dókítà Omi kó ìgbín òkun wá láti máa jẹ koríko, ó ń pààrọ̀ omi, èmi ń ha. Díẹ̀díẹ̀, koríko ń já bọ́. Ní Sátidé kan, iyùn na ọwọ́ kan, ó tún na òmíràn, ni mo bá ń fò sókè bí ọmọdé.

Ó bu omi sí ìgò, ó kán oògùn sí i, a ń retí. Omi náà mọ́ gaara. Ó gbé ìgò sílẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Télọ̀ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Kí n tó lanu, ohùn kan ti ilé ìdáná wá. "Ó ti gbà. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì mi."

Èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Kò pẹ́ tí a kó lọ sílé tiwa ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti orí fóònù Dádì, láàárọ̀ Sátidé: koríko ti tún hù, kí a máa bọ̀ kíákíá.

A kó bọ́kẹ́ẹ̀tì, a sáré débẹ̀. Omi mọ́ gaara. Iyùn nawọ́ dáadáa. A yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ má wò mí o," ni wọ́n wí. "Mi ò rí fóònù mi látàárọ̀."

Nílé ìdáná, Àǹtí Àgbà ti to àwo mẹ́rin sórí tábìlì, fóònù Dádì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò wojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fọwọ́, kí ẹ wá jẹun," ni wọ́n wí. Wọ́n wo ọkọ mi, tó ṣì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. "Gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi. Kò séwu."