Ẹsẹ̀ Ta Ló Ń Rìn Lókè Àjà?

Ẹ̀jẹ̀ yọ nímú Muhydeen lọ́jọ́ Àlàmísì, ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kò mọ́ bá a láyé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Òun nìkan ni Jamilah bí.

Omijé kò tí ì gbẹ lójú Jamilah tó fi búra pé ẹni tó jẹ ọmọ òun kò ní jẹun ìrọ̀lẹ́ pẹ́ mọ́ nínú agbo ilé náà. Gbogbo Pópó Yemọja ló mọ ẹni tó ń bá wí: Ìyá Àgbà Sẹ̀gilọlá, opó, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀. Yàrá wọn fara kanra, òkè àjà kan ṣoṣo ló sì bo àwọn méjèèjì.

"Bí wọ́n bá ti pe ìrun Màgàríbì báyìí, wọn á dé sókè orí mi," Jamilah sọ fún Kúlúsúmù, ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Wọn á máa sáré, wọn á máa ha igi, wọn á máa ké bí ọmọ ẹyẹ. Fìlà ọmọ mi tó sọnù, ìpàdé wọn ni wọ́n gbé e lọ."

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," Kúlúsúmù fèsì. "Kí lo tún ń wádìí?"

"Mo ti fura tipẹ́. Kí lo rò pé mo ṣe gbé àpò gàrí mi gba ihò sílíǹ lọ sókè àjà? Kí ọwọ́ ìyá yẹn má baà kàn án ni. Ológìnní rẹ̀ tó ń sùn ti ọmọ mi lórí ẹní ńkọ́? Lóṣù tó kọjá, mo fún un lẹ́ja kan tí mo fi májèlé sí. Ó jẹ ẹ́, kò jí."

"Háà, Jamilah!"

"Háà kí ni? Ó kan olówó ẹ̀."

Láràárọ̀, bí Jamilah bá na ọwọ́ sókè bu gàrí, á máa ṣa hóró dúdú kéékèèké kúrò nínú rẹ̀, á máa ṣépè fún àwọn tó ń ta gàrí l'Ọ́jà'ba.

Ní Jímọ̀ kejì, Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, pe gbogbo wọn jọ lẹ́yìn ìrun. Bí àṣírí bá tú, Ìyá Àgbà yóò jáde kí oòrùn tó wọ̀. Jamilah kò dúró de ìdájọ́. Ó ti ju àpótí ìyá náà àti ẹní rẹ̀ síta.

"Igbá wọn wà lókè yẹn! Ẹ tú sílíǹ! Ìyá Àgbà, ẹ ti jẹ ọmọ mi yó, ẹ bì í!"

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

Gbénga káfíńtà gun àkàsọ̀, ó já pákó mẹ́ta. Òórùn ìtọ̀ kíkan já lu gbogbo wọn. Ó pẹ́ lókè kó tó sọ̀kalẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú Mọ́gàjí.

"Bàbá, imí èkúté rèé. Eléyìí ti gbẹ, ó ti pẹ́. Eléyìí ṣì rọ̀, ti àárọ̀ yìí ni. Ojú ọ̀nà wọn lára ògiri ń dán bí ẹni fi epo pa á. Wọ́n ti gé wáyà iná jẹ. Inú ìtẹ́ tí wọ́n bímọ sí ni mo ti rí èyí." Ó ju fìlà Muhydeen sílẹ̀, eyín ti sọ ọ́ di òwú. "Ta ló ni àpò gàrí ọ̀hún? Wọ́n ti lu ìdí rẹ̀, imí ló kún un."

Àkíbù, ọkọ Jamilah, gbé orí sókè. "Dókítà tó tọ́jú ọmọ náà sọ ọ́. Ó ní ibà Lásà ni, èyí tí eku ń kó ran èèyàn, ó bi wá bóyá eku wà nílé. Jamilah ló ní ẹyẹ ni."

Jamilah ń wo àtẹ́lẹwọ́ Gbénga. Ó mọ hóró dúdú wọ̀nyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa wọ́n kúrò nínú gàrí tí Muhydeen mu.

"Ṣé ẹ ò ní ológìnní ni?" Gbénga béèrè. "Bí ológìnní bá re àjò..."

Ó rí ojú wọn, kò parí ọ̀rọ̀ náà. Kúlúsúmù ń wo ilẹ̀.

Kí Mọ́gàjí tó sọ̀rọ̀, Jamilah ti kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e há abíyá.

"Ìyá Muhydeen," ó ní, "mo rí egungun ẹja lẹ́nu ológìnní mi. Mo mọ ọwọ́ tó fún un. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrun kan tí mi ò fi ẹjọ́ rẹ sun Ọlọ́run, pé kí ohun tí o ṣe padà wá bá ọ."

Ó wo fìlà tó wà nílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ ọmọ."