Ọwọ́ Yín Ní Sùúrù

Lọ́jọ́ tí Ramlah kọ́kọ́ gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Tàófíìkì ní Ṣakí, máṣíìnì náà kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ó kàn ń fo òwú díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lè tó. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé gbogbo aránṣọ ìlú ló ń gbé máṣíìnì wá bá ọkùnrin náà. Ẹni tó bá mọ gbogbo aránṣọ ìlú, ẹni tó yẹ kéèyàn mú wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Tàófíìkì dojú máṣíìnì náà dé, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó sì ń fi ìka kan yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó," ó ní. "Abẹ́rẹ́ gbé òwú sọ̀kalẹ̀, àbí? Bó ṣe fẹ́ máa padà sókè báyìí, òwú yẹn á dẹ̀, á yọ bí òrùka kékeré. Ìkọ́ ìsàlẹ̀ yìí ló máa sáré wá kọ́ ọ. Bí ìkọ́ bá wá pẹ́ dé, kó má ju ìbú irun orí lọ, wọ́n ti ré ara wọn kọjá nìyẹn. Ará òkè ò rí ará ìsàlẹ̀ mọ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ìsọmọlórúkọ. Ramlah wo ọwọ́ rẹ̀ tí òróró ti sọ di dúdú, ó sì sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó sọ.

"Ọwọ́ yín ní sùúrù. Ta ló kọ́ yín?"

Tàófíìkì gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ìyá òun ni. Ó ní bí òwú bá lọ́ mọ́ra, ìyá òun lè jókòó tì í láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pèrun Àsárì, kò ní já a. Ramlah béèrè àlàáfíà ìyá náà. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá ti dé ibẹ̀, kó dákẹ́, kó jẹ́ kí ẹni náà máa sọ̀rọ̀.

Obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Líìdà ló kọ́ ọ, ní ìpàdé àwọn oníkọfí. Kọfí inú páálí ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ó ń wo àtọ̀gbẹ, wọ́n ní ó ń la ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kọfí gan-an ni wọ́n ń jẹ lérè, èèyàn ni. O mú ẹnì kan wọlé, ẹni náà mú ẹlòmíràn wọlé, èrè wọn á máa gòkè bọ̀ wá bá ọ. Líìdà ní kí wọ́n má kọ́kọ́ dárúkọ kọfí fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n yìn.

Ọ̀rọ̀ 'Ọwọ́ yín ní sùúrù' yẹn náà ni Líìdà fi mú Ramlah. Ìgbà náà, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìrí ẹni tó gbé aṣọ wá rán, tí gbogbo ayé ń ra aṣọ tí wọ́n ti rán tán. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà débi pé kò béèrè ohun tó tẹ̀lé e.

Tàófíìkì wọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò mú ẹnì kankan wá. Ó to páálí kọfí rẹ̀ ti ògiri, ó ń pò ó fún oníbàárà tó bá dúró pẹ́.

"Kò dùn," á wí fún wọn, "ṣùgbọ́n ó gbóná."

Nínú ẹ̀kọ́ Líìdà, ẹni tí kò bá mú èèyàn wá, a kì í fi àkókò ṣòfò sọ́dọ̀ rẹ̀. Ramlah ṣì ń lọ. Ó ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá a mú iná tọ́ọ̀ṣì dání tó bá ń wá ìṣó tó jábọ́. Nígbà tí bàbá Tàófíìkì kú, ó wà nílé wọn títí wọ́n fi ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó ń fọ abọ́, ó ń pọn omi. Ibẹ̀ ni Tàófíìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pè é.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ó ní lọ́jọ́ kan, "ṣé o mọ ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ? Gbogbo aráyé ló ń bi mí pé ìgbà wo ni máṣíìnì àwọn á ṣe tán. Ìwọ nìkan lo bi mí pé ta ló kọ́ mi."

Ramlah gbé orí lé e léjìká kó má baà rí ojú òun. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà á. Ó ní bó bá di ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn dé, Tàófíìkì ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún gbogbo agbo ilé, pé ìyàwó tí ń bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi gba ọkàn ọmọ òun. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni ara ń ni í. Ó ti di adájọ́ ara rẹ̀ nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án.

Kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó nikáì, ìdílé ọkọ gbọ́dọ̀ ṣèwádìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá Tàófíìkì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìpapò nítorí pé Ìpapò ló ń gbé. Ó wọ ọkọ̀ wá, ó sì lọ káàkiri àdúgbò Ramlah láti béèrè irú ọmọ tó jẹ́.

Nígbà tó padà dé, Ramlah àti ìyá Tàófíìkì ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tàófíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé.

"Ẹ fún mi lómi," Ìyá Ìpapò wí, ó ń tú gèlè. "Ìyàwó, àdúgbò yín yìí, ṣé wọ́n jẹ gbèsè ni?"

"Kí ni wọ́n wí, Màmá?" Ìyá Tàófíìkì bi í.

"Ta ló jẹ́ kí n dúró? Ilé àkọ́kọ́ tí mo yà, mo ní mo wá béèrè Ramlah aránṣọ. Obìnrin ibẹ̀ ní, 'Màmá, a kì í mu kọfí.' Ó ti ilẹ̀kùn. Mo dé èkejì, ọkùnrin náà gbọ́ orúkọ yìí, ó ní ìyàwó òun ò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ̀bà."

Tàófíìkì rẹ́rìn-ín. Ramlah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Kò sẹ́ni tó pè é lólè o," ìyá arúgbó náà ń bá a lọ. "Wọ́n kàn ń sá fún orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń sá fún agbowó-orí. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, Fàrídà. Kí n tó jókòó, ó ti gba ọwọ́ mi mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni fẹ́ ra ẹran. Ó ní, 'Màmá, ọwọ́ yín ní sùúrù. Ta ló kọ́ yín?' Èmi. Ọwọ́ tí mo fi lu ọmọ méje dàgbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìpapò ló ń gbé, kò gbọ́ ìtàn náà rí. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni mo wí?"

Ìyá Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí tí kò dà sílẹ̀. Tàófíìkì dìde, ó jáde sẹ́yìnkùlé. Ramlah tẹ̀ lé e. Abẹ́ igi kajú ló ti bá a.

"Ta ló kọ́ Fàrídà?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Líìdà."

Ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò pariwo. Ó fara balẹ̀ bó ṣe máa ń fara balẹ̀ nídìí máṣíìnì tí kò mọ àrùn rẹ̀.

"Tú u fún mi. Kí ló kàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Kí n béèrè ìyá yín. Kí n sì dákẹ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Kí n padà wá, kí n mú nǹkan tí kò wọ́n dání."

"Ọsàn tí o gbé wá fún mi yẹn."

"Ọsàn yẹn ni."

"Orúkọ mi tí o máa ń pè léraléra bí a bá ń sọ̀rọ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀."

Tàófíìkì mi orí. "Ẹni tó to eléyìí pọ̀ gbọ́n," ó ní. Bó bá gbá Ramlah létí ni, ì bá sàn.

"Nígbà tí bàbá mi kú, tí o wà pẹ̀lú wa?"

"Ìyẹn kò sí níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Ramlah já ewé kajú kan, ó ń fà á ya.

"Ọjọ́ wo ló di òótọ́, Ramlah?" Kò pè é ní Àbẹ̀kẹ́.

Ramlah wá ọjọ́ náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó wá a títí. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Mo mọ̀ pé ó di òótọ́. Mi ò rí ojú ibi tó ti yí padà."

Tàófíìkì ní kó jẹ́ kí òun rò ó.

Lọ́jọ́ kejì Ramlah kó páálí kọfí rẹ̀ padà fún Líìdà, ó sì gba ilé Fàrídà lọ.

"Fàrídà, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Èmi ti fi í sílẹ̀."

"Ẹ ti fi í sílẹ̀." Fàrídà wò ó. "Àǹtí mi, inú ẹ̀ lẹ fi èmi sí kí ẹ tó jáde. Owó tí bàbá mi fẹ́ fi ra máṣíìnì fún mi nígbà tí mo bá gba fìrídọ̀ọ̀mù ló wà níbẹ̀. Àwọn tí èmi náà mú wá ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé mo ti fi í sílẹ̀, kí n kí wọn kú oríire?"

Ramlah bẹ̀ ẹ́. Fàrídà gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ Ramlah wà.

Ó yà ní ilé mìíràn, wọn kò ṣílẹ̀kùn. Ó dé ọ̀dọ̀ Mojọlá, tí àwọn jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, tí àwọn jọ sùn lórí ẹní kan náà nílé ọ̀gá wọn. Mojọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò gbé nǹkan kan wá," Ramlah wí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Mo mọ̀. Ọjọ́ kejì lo máa ń gbé e wá."

"Mojọlá, mo wá tọrọ àforíjì."

"Ti kọfí? Mo ti da ìyẹn sí ààtàn." Ohùn Mojọlá rọlẹ̀. "Nígbà tí oyún mi wálẹ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ dé. O jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, o ń wọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé mo lọ́rẹ̀ẹ́. Ó di ọjọ́ kejì, o ní kọfí yín ń la ilé ọmọ. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ṣàánú mi, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti mọ ohun tó fẹ́ tà. Ìyá tó bí mi pàápàá. Ìyẹn lo gbà lọ, Ramlah. Owó kọ́."

Ramlah kúnlẹ̀. Mojọlá ní kó dìde, kí àwọn èèyàn má baà máa wò wọ́n. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun dárí jì í.

Ọ̀sẹ̀ náà parí kí Tàófíìkì tó ránṣẹ́ pè é sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti fà wọlé. Kò sí máṣíìnì kankan níwájú rẹ̀.

"Ìyá mi ní o ti kábàámọ̀, kí a dá ọjọ́," ó ní. "Ìyá Ìpapò ní a kì í fẹ́ ẹni tí àdúgbò ń sá fún. Wọ́n jà títí. Wọ́n wá ní ohun tí mo bá wí labẹ gé."

"Kí lẹ wí?"

"Mo fẹ́ràn ẹ. Ìyẹn ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Àlàmísì pé o ń bẹ̀ mí. Ó dùn. Mo kà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, mò ń wá èyí tí Líìdà kọ́ ẹ nínú rẹ̀. Máṣíìnì ni mò ń tú, Ramlah. Mi ò fẹ́ máa tú ìyàwó mi." Ó nu ojú. "Bí ohun kan bá wà tí o lè sọ fún mi, sọ ọ́. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó o."

Líìdà ní ẹ̀kọ́ fún irú wákàtí yìí náà. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kó rí omi lójú yín. Ọkùnrin kì í rí omi ojú kó ré e kọjá.

Omi ojú náà sì ti dé. Ramlah kò pè é, ó wá fúnra rẹ̀, ó gbóná, ó ti fẹ́ bọ́. Ó mọ̀ pé bí Tàófíìkì bá rí i, á dìde, á gbá òun mọ́ra, wọ́n á sì dá ọjọ́. Ó tún mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn yóò ti bímọ, tí Tàófíìkì yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tí yóò máa ro omi ojú òní, tí yóò máa tú u.

Ó yára kẹ̀yìn sí i.

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ," ó ní.

"Ramlah. Wò mí."

Kò yíjú padà. Ó fa ìborí rẹ̀ wá síwájú, ó jáde. Ó gbọ́ tí bẹ́ǹṣì ró bí Tàófíìkì ṣe dìde, ó sì gbọ́ nígbà tó tún jókòó. Ó kọjá níwájú àwọn aránṣọ, wọ́n kí i, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó kọjá gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Kíṣí, ó kọjá ilé tó kẹ́yìn, ó wọ pápá tí àwọn Fúlàní ti da màlúù lọ. Kò sẹ́ni tí ẹkún rẹ̀ lè mú níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sun ún.