Àrùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mọ Orúkọ Rẹ̀

"Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n, ara ń gbóná. Àìsàn wo nìyẹn?"

"Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn láì ṣíjú. Orí bẹ́ẹ̀dì ló dùbúlẹ̀ sí. Ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ku ọ̀la, àbúrò rẹ̀ sì ń bi í ní ìbéèrè láti inú ìwé. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn ń dún láti yàrá iwájú.

"Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Kí ni àmì rẹ̀?"

"Òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, egbò tí kì í tètè jinná. Jọ̀ọ́, fa kọ́tìnnì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú."

Àbúrò fà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kàn fẹ́ sùn ni, Dókítà wa." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ibà líle, orí fífọ́, kí ọrùn gan, kí ojú má fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀…"

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Yírùnyírùn," ni ẹ̀gbọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Àbúrò fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó gbóná bí ààrò. "Ẹ gbé àgbọ̀n yín kan àyà." Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti àárọ̀. Má sọ fún Màámi. Ibà ni kò jẹ́ kí n ṣe ìdánwò yìí lọ́dún tó kọjá. Tí mo bá ti kọ ọ́ tán lọ́la, màá lọ sí ọsibítù. Tí o bá sọ, èmi pẹ̀lú rẹ ò ní gbọ́ra mọ́."

Ẹ̀rù àìsàn ń ba àbúrò, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n náà ń bà á. Wọn kì í tú àṣírí ara wọn. Ó gbá ìwé mọ́ àyà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ibà lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ló jókòó títí ẹ̀gbọ́n fi bì, tó sì ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè é. Ìgbà yẹn ló sáré jáde.

"Màámi, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Yírùnyírùn ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá wọn kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ oníbàárà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù.

Nígbà tí dókítà gbọ́ ti ìdánwò, ó mi orí. "Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Bó bá di ọ̀la ni, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ."

Ẹ̀gbọ́n yè é, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ mọ́, ìdánwò sì ti kọjá. Ó pẹ́ kó tó bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Inú kọ́kọ́ bí mi pé o sọ," ó ní. "Ní báyìí, ohun tó ń dùn mí ni pé àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n, a sì jókòó tì í."

Kí ènìyàn mọ orúkọ àrùn kò tó. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, àrùn ló ń bá ṣiṣẹ́. Àṣírí tó lè pa ènìyàn kì í ṣe èyí tí à ń bò.