Ohùn Tó Ń Béèrè Ìyá Rẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mùtí, n kò sì lá a lálàá. Ilé náà ṣì wà ní Kétu. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Àwọn tó gbọ́ ohùn náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí Dahomey gba òmìnira ni. Ọyẹ́ ti mú. Thérèse wọ ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, ó wọ kámíọ́nù láti Pobè dé Kétu, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdẹ́nà. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Àpò kan ṣoṣo ló gbé dání. Kò béèrè ọ̀nà ọjà, kò béèrè ọ̀nà ààfin. Òtẹ́lì Lábọ̀dé ló béèrè.

Ilé ìjòyè ni òtẹ́lì náà tẹ́lẹ̀. Bàbá bàbá Lábọ̀dé ló kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé bí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn, kò ní gbọ́ ariwo ìlú mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, òpó onígi tí wọ́n fín ère sí lára ló gbé òrùlé ró. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé fọ́n ká tán, tí àwọn kan lọ sí Cotonou, tí àwọn kan kọjá sí Nàìjíríà, Lábọ̀dé fi ẹfun kun àwọn yàrá, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò: òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, àti àwọn òyìnbó tó ń wá wo ìlú àtijọ́.

Thérèse kò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó mọ yàrá tó fẹ́.

"Yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì, Bàbá," ó wí.

Lábọ̀dé wò ó. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. "A kì í fi àlejò sí yàrá yẹn mọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni ìyá Reine."

Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Ó wá ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Màmá." Ó pe Bọ́sẹ̀, obìnrin tó ń gbálẹ̀ tó sì ń dáná nínú ilé náà, pé kó mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Reine nìkan ni Thérèse bí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, ìjọba sì gbé e lọ sí Idigny, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Kétu. Ilé tó yẹ kó máa gbé níbẹ̀ kò tíì parí, nítorí náà ó wọ̀ sí òtẹ́lì Lábọ̀dé fún ìgbà díẹ̀. Òjò ń rọ̀ lásìkò yẹn. Ibà dá a dùbúlẹ̀. Lábọ̀dé ní kí olùkọ́ kan bá òun kọ lẹ́tà sí Àjàṣẹ́. Nígbà tí Thérèse fi dé Pobè, ìròyìn pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ pé wọ́n ti sin ọmọ náà lánàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kọjá ibẹ̀. Ṣe ni wọ́n mú un padà sílé.

Oṣù méje kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin oníṣòwò ata kan tó ń jẹ́ Sìdíkù wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó ti wá a títí kó tó rí i. Kò jókòó. Ó sọ ohun tó gbọ́ nílé Lábọ̀dé, ó tọrọ àforíjì, ó sì lọ. Ìdí nìyẹn tí Thérèse fi wá.

Bọ́sẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Òkùnkùn ni inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn wà níta. Fèrèsé kan péré ló ní, kò fẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, àga, ìkòkò omi. Wọ́n ti kó ẹrù ọmọ náà sínú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ lo tọ́jú rẹ̀?" Thérèse béèrè.

"Èmi ni, Màmá. Èmi náà ni mo wẹ̀ ẹ́."

"O ṣeun." Ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí. "Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

Bọ́sẹ̀ kò gbójú sókè. "Mo gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí gbogbo ilé bá ti dùbúlẹ̀. A ó máa gbọ́ ọ láti ìta, tàbí láti yàrá ẹ̀gbẹ́. Kì í pariwo. Á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá mi ti dé?'"

"Kí lẹ ń dá a lóhùn?"

"A kì í dáhùn, Màmá. Ẹ̀rù ń bà wá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Thérèse ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì dùbúlẹ̀ síbi tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Ọ̀sán Kétu nígbà ọyẹ́ dákẹ́. Adìyẹ pàápàá kì í dún. Eruku pupa ń gba ojú fèrèsé wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́ ọmọńlé lójú àjà. Ó gbọ́ ewé gbígbẹ kan tó ń wọ́ lọ nínú àgbàlá. Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ó má gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, àlejò kan wọ̀ sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Honoré lorúkọ rẹ̀, ọmọ Sakété ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé Odomèta bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàdo. Kò mọ ohunkóhun nípa ilé náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí ọ̀sán yẹ̀, Honoré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá Thérèse lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ dákun, kí ló ṣe ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jọ wà nínú yàrá?"

Thérèse di òpó mú. "Ọmọbìnrin wo?"

"Èyí tó bá mi sọ̀rọ̀ láti ara ògiri. Ara rẹ̀ kò yá, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyá òun ti dé. Mo rò pé ẹ ti jáde."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Kò tíì pẹ́ rárá."

Thérèse kò kúrò nínú yàrá láti àárọ̀. Kò sùn. Orí bẹ́ẹ̀dì náà ló wà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Honoré. Ọkùnrin náà fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Thérèse kúnlẹ̀ fún un, obìnrin tó lè bí i.

"Ọ̀la nìkan," ó ní. "Bó bá béèrè, dá a lóhùn. Sọ fún un pé mo ti dé."

Honoré gbé e dìde. Kò lè kọ̀.

Ọ̀la dé. Thérèse jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ méjèèjì lé itan. Ilé dákẹ́. Lójijì ó gbọ́ Honoré lódìkejì ògiri.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Honoré wí. "Wọ́n ti dé."

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Nínú yàrá."

Thérèse wo àyíká. Àga. Ìkòkò omi. Ògiri funfun.

"Obìnrin ni," Honoré tún wí. "Wọ́n tínínrín. Wọ́n wọ aṣọ dúdú. Orí wọn ti funfun."

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ fún Honoré nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ẹni náà sì wà nínú yàrá tí Thérèse jókòó sí, bóyá kò jìnnà ju apá kan lọ. Thérèse kò gbọ́ èémí rẹ̀ pàápàá.

"Reine," ó pè. "Reine, èmi nìyí."

Ó dìde, ó sáré jáde. Ó bá Honoré tó jókòó sílẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kí ló wí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Kí ló wí?"

Honoré nu ojú rẹ̀. "Ó ní kì í ṣe ìyá òun. Ó ní òun rí yín, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ yín. Ó ní ìyá òun ń bọ̀. Aṣọ ìyàwó kan ló ń rán lọ́wọ́. Bó bá ti parí rẹ̀, á gbéra."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Honoré ti lọ.

Thérèse kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Bọ́sẹ̀ gbé omi wá fún un, ó sì jókòó tì í lórí ẹní.

"Aṣọ wo ló ń sọ, Màmá?"

Aránṣọ ni Thérèse. "Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà yín dé," ó wí. "Ọjọ́bọ̀ ni mo tó kúrò nílé. Aṣọ ìyàwó ọmọ ẹnì kan wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ibà ni, ta ni ibà kì í ṣe? Mo ní kí n rán an parí ná." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "N kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí."

"Àwa kò mọ̀ nípa aṣọ," Bọ́sẹ̀ wí. "Reine kò mọ̀. Ọ̀nà ni mo sọ fún un pé òjò bà jẹ́."



Lọ́jọ́ kẹfà, Thérèse bọ́ aṣọ dúdú. Ó yá aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, ó ní kó di irun òun, kó fi èédú pa funfun orí òun rẹ́. Ó wọ yàrá lọ́sàn-án. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní gbogbo orúkọ tó ń pè é láti kékeré. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lábọ̀dé jókòó sí àgbàlá, ó dorí kodò, ó ń gbọ́ ọ. Kò sí ohùn mìíràn tó dún.

Lọ́jọ́ keje, ó di àpò rẹ̀. Ó lọ sí ibojì Reine lówùúrọ̀, ó tibẹ̀ lọ sí ẹnubodè láti dúró de kámíọ́nù. Àpótí ẹrù ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ti yẹ̀ díẹ̀ nígbà tó rí Bọ́sẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ń gbá yàrá ni," Bọ́sẹ̀ wí. Ó ń mí gúlegúle. "Ó bá mi sọ̀rọ̀, Màmá. Ó pe orúkọ mi. Ó ní, 'Tàǹtí Bọ́sẹ̀, ta ni màmá tó ń sunkún níbí lánàá?'"

Thérèse gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní àlejò ni. Mo ní ọmọ wọn ni wọ́n ń wá. Ó ní, 'Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní kí wọ́n má sunkún mọ́. Ọmọ wọn á dé.'"

Kámíọ́nù yọ láti ọ̀nà ọjà. Eruku bò wọ́n. Awakọ̀ gbé àpótí sókè, ó sì ní kí Màmá gòkè.

"Ṣé kí n sọ fún un pé ẹ̀yin ni?" Bọ́sẹ̀ béèrè. "Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó lè gbà."

Thérèse ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó di irin mú.

"Rárá," ó ní. "Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti wà lọ́nà. Sọ fún un pé kò ní pẹ́ dé mọ́."

Bọ́sẹ̀ padà sílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kẹta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Nínú yàrá òfìfo yẹn, ẹnì kan mí kanlẹ̀, bí ẹni tí oorun fẹ́ gbé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, ó tún béèrè.