Ekòló Méjì Orí Òkè

"Josette, kí lo fẹ́ fi ekòló ṣe? Ṣé o fẹ́ sè é jẹ ni?"

Alban ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, èmi àti ọmọ mi Verlinda sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Sátidé ni. A ń ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko kókò mi nísàlẹ̀ Fond Cannelle, abúlé wa. Àwọn obìnrin ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ lábẹ́ igi, àwa ọkùnrin ń kọ ebè. Bí ọkọ́ bá ti wọlẹ̀ báyìí, ekòló pupa á jáde, wọ́n sanra, wọ́n ń lọ́ bí okùn. Josette ń ṣà wọ́n sínú agolo mílíìkì, ó ń bu erùpẹ̀ lé wọn lórí.

"Ìdẹ ni, Pàápá. Mo fẹ́ fi pẹja lódò."

"Ìwọ tí o máa ń sá fún omi! Konpè, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń wí?"

Konpè ni èmi àti Alban máa ń pe ara wa, nítorí òun ló gbé Verlinda ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àlùfáà ṣe ìsàmì fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ níbi ìsàmì ti di mọ̀lẹ́bí, kò tún sí pé a ń pe ara wa lórúkọ mọ́. Verlinda àti Josette jọ wà ní kíláàsì kan náà ni. Bí o bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà, dúró díẹ̀, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Vidal ti wá sí abúlé wa láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní erékùṣù kejì. Ó fẹ́ mọ oríṣiríṣi ekòló tó wà nínú igbó orí òkè. Ojú ẹsẹ̀ làwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Ìyá Ekòló, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó pín àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní méjì-méjì. Ó ní àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn bá dára jù lọ, òun á mú wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò òun nígbà ìsinmi. Láti ọjọ́ yẹn, Verlinda kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Kò tíì kúrò ní erékùṣù wa rí. Èmi náà kò kúrò níbẹ̀ rí, ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, mo sì fẹ́ kó lọ ju mí lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi ni mo bá wọn ru ọkọ́ àti tapólì gun òkè. Òjò ń sẹ̀ bó ṣe máa ń sẹ̀ lókè yẹn. Dókítà to àwọn ọmọ jọ, ó fún méjì-méjì wọn ní ìgò kan àti okùn róbótó kan tí wọ́n máa jù sílẹ̀.

"Ibi tí okùn yín bá bọ́ sí ni kí ẹ gbẹ́. Ẹ má sún un. Ẹ fọ́ erùpẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ lórí tapólì, kí ẹ fi ọwọ́ wá a dáadáa. Ẹ má mú ekòló ibòmíràn mọ́ ọn o! Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ò rí nǹkan kan. Iṣẹ́ nìyẹn náà."

Ìdí igi ńlá kan, láàárín gbòǹgbò, ni okùn Verlinda àti Josette bọ́ sí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn yòókù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu Verlinda ni mo ti gbọ́ ọ.

Gbogbo òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀. Verlinda rí ekòló méjì. Wọ́n tín-ín-rín, àwọ̀ wọn rí bí eérú.

"Méjì péré!" Josette pòṣé. "Ìgò àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń kún. Ṣé èyí la máa gbé lọ bá Ìyá Ekòló? Ẹ̀rín ló máa fi wá rín."

"Ohun tó wà níbẹ̀ la rí."

"Ó dáa, ìyá ìjọ. Lọ bu omi wá ká fọ tapólì."

Nígbà tí Verlinda padà dé látodò, ìgò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Níbo lo ti rí ìwọ̀nyí?"

"Abẹ́ gbòǹgbò ni. O ò wá a dáadáa."

Verlinda gbé ìgò náà sókè. Àtikékeré ló ti ń fẹsẹ̀ tẹ irú ekòló pupa yẹn lóko mi. "Josette, ti oko wa nìyí. Àwọn tó o ṣà sínú agolo nìyí."

"Ṣé ekòló kì í ṣe ekòló ni? Ta ló fẹ́ bi wọ́n léèrè ìlú wọn? Ṣé o fẹ́ lọ àbí o ò fẹ́ lọ?"

Verlinda fẹ́ lọ. Josette sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dé ìgò náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe Josette nìkan ló rò pé bákan náà ni gbogbo ekòló. Gbogbo abúlé ló rò bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀ nínú wa pé àwọn pupa tó wà lóko jẹ́ àlejò, pé inú ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí irúgbìn ni wọ́n bá wá láti òkè òkun láyé àtijọ́, pé àwọn ti inú igbó ni onílé?

Ṣùgbọ́n Ìyá Ekòló mọ̀. Nígbà tó da ìgò náà sínú àwo funfun ní kíláàsì, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò wọ́n dáadáa.

"Ekòló oko nìyí," ó ní. "Bí wọ́n bá ti dé orí òkè yẹn, igbó yín ti wọ wàhálà. Mi ò sì gbà pé wọ́n ti débẹ̀. Ta ló gbé wọn lọ?" Ó fi irin tín-ín-rín mú àwọn méjì eléérú sọ́tọ̀. "Àwọn wọ̀nyí, mi ò rí irú wọn rí láyé mi. Bó bá jẹ́ orí òkè ni wọ́n ti wá lóòótọ́, ìròyìn ńlá ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ìgò yìí ti di àdàlù."

Josette na ìka. "Verlinda ni, mà. Oko bàbá rẹ̀ ló ti kó wọn. Mo ní kó má ṣe é."

Verlinda fò dìde. "Irọ́ ni! Òun ló—"

"Dúró," ni Dókítà wí. "Nígbà tó o rí wọn nínú ìgò, ṣé o mọ̀ pé ekòló oko ni?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà." Verlinda padà jókòó.

Nígbà tí mo gbọ́, ilé Alban ni mo gbà lọ. Ó ń pọ́n àdá.

"Konpè, ojú rẹ ni ọmọ rẹ ṣe ṣa ekòló sínú agolo. Ìwọ lo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dìde, ká lọ sọ ọ́ fún obìnrin yẹn."

Kò gbójú sókè. "Èrò pọ̀ níbi ọ̀wẹ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò kíyè sí i."

"O ò kíyè sí kí ni? Ìwọ tó o bi í bóyá ó fẹ́ sè é jẹ!"

"Ọmọ mi ni, Titus."

Titus. Láti ọjọ́ ìsàmì Verlinda, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ. Mo yí padà.

Èmi nìkan ni mo lọ bá Dókítà. Ó tẹ́tí sí mi, ó ní, "Bàbá rẹ̀ ni yín, sà. Òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́wọ́ pé òun rí i, òun dákẹ́." Dókítà padà gun òkè, ó gbẹ́ ìdí igi yẹn yíká, kò rí ekòló eléérú kankan. Nígbà tí ìsinmi dé, Josette, tí Dókítà gbà pé ó sọ òtítọ́, àti ọmọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ mìíràn ló bá a wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí Josette padà dé, ó wá sílé wa lọ́sàn-án, ó mú ìborùn aláràbarà kan lọ́wọ́. Verlinda dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Mo rà á fún ẹ ni, ọ̀rẹ́ mi."

"Àwọn ekòló méjì yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ìgò kékeré kan lórí pẹpẹ. Ìyá Ekòló kò kọ orúkọ ibì kankan sí i lára. Ó tiẹ̀ bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti wá."

"Kí lo wá sọ?"

Josette wolẹ̀. "Mo ní mi ò rántí."

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ wọ́n, Josette! O dúró tì mí!"

"Bí mo bá ti sọ ọ́ níbẹ̀, wọn ì bá ti lé mi wálé. Dákun, má bínú."

Verlinda dá ìborùn náà padà sí i lọ́wọ́. "Mo dákẹ́ nítorí rẹ, kí wọ́n má bàa dójú tì ẹ́. Ìwọ ń dákẹ́ kí ìtìjú náà lè dúró sọ́dọ̀ mi. Máa lọ sílé yín." Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Àlùfáà ti bẹ̀ mí títí nítorí Alban. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò tíì kí i, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi kí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, Verlinda kò purọ́, kò sì kó ekòló kankan. Dídákẹ́ ló dákẹ́, òun náà ló sì ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣe èrú lójú yín, ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó dé ìgò. Ẹni tó lè ṣe èrú lójú rẹ, tó sì ní kó o bá òun bò ó, ti fi bó ṣe máa ṣe ìwọ náà hàn ọ́.