Hóró Oògùn Inú Agolo Bọ́tìnì

Aránṣọ kan wà tí kì í sọ nǹkan kan nù. Àjákù aṣọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á fi rán àpò. Bọ́tìnì tó já, inú agolo ló ń lọ. Àwọn aládùúgbò kúkú sọ ọ́ ní Má-jẹ́-ó-ṣòfò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì àdúgbò yà wá wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó bá ọmọbìnrin aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́fà, lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ara ọmọ náà gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe ọmọ wa?"

"Ibà ni, àbúrò mi. Fọkàn balẹ̀, oògùn wà nílé."

Má-jẹ́-ó-ṣòfò ṣí agolo bọ́tìnì, ó sì ṣa hóró oògùn mẹ́fà jáde láàárín bọ́tìnì pupa àti abẹ́rẹ́.

"Nígbà tí ibà mú mi lọ́jọ́sí, ara mi ti yá lọ́jọ́ kejì. Mo bá tọ́jú ìyókù. Ṣé kí n dà á nù ni?"

Nọ́ọ̀sì yanu. "Oògùn àgbà lẹ fẹ́ fún ọmọ?"

"Méjì péré ni màá fún un. Ṣebí ewé ni wọ́n fi ṣe é? Bàbá rẹ̀ ti gbin ewé náà sẹ́yìnkùlé, mo sì ti se ìkòkò kan kún un. Ewé lásán, kí ló fẹ́ ṣe é?"

Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọmọ náà. "Ẹ ò purọ́, ẹ̀gbọ́n. Ara ewé ni wọ́n ti rí ohun tó ń pa kòkòrò ibà. Àmọ́ ewé kan lè ní púpọ̀, kí òmíràn má ní ju díẹ̀ lọ. Ta ló mọ iye tó wà nínú ife kan? Àwọn tó ṣe oògùn yọ ọ́ jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi oògùn mìíràn tì í lẹ́yìn. Ti inú ewé ń yára pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Ìkejì ló ń dúró gbá ìyókù mọ́. Ẹni tó bá dá a dúró lọ́jọ́ kejì, àwọn kòkòrò tó kù lára rẹ̀ á tún bí sí i."

"Hùn-ún." Ojú Má-jẹ́-ó-ṣòfò ò kúrò lára agolo.

"Ó dáa. Ẹ gé aṣọ mi yìí, kí ẹ fi rán ti ọmọ yín. Ẹ má wọ̀n ọ́n o, ẹ kàn máa gé e lọ."

"Èmi? Kí n gé aṣọ láì wọn ọmọ? Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni!"

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó di téèpù ọrùn rẹ̀ mú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu mi ló kó bá mi. Gbé ọmọ sí mi lẹ́yìn, ká lọ!"

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ibà ni lóòótọ́. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n sì fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Wọ́n gba hóró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú agolo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ti ń fò káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ìyá bá tún ń yọ́ gbé oògùn lọ sídìí agolo.

"Ìyá mi! Tèmi nìyẹn o! Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe bọ́tìnì!"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ lo èyí tó kẹ́yìn. Má-jẹ́-ó-ṣòfò yí páálí oògùn tó ti ṣófo síwá sẹ́yìn.

"Ṣé a ò wá lè fi eléyìí ṣe nǹkan kan?"

Ẹ̀yin òbí, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbo ewé ò lè rọ́pò oògùn tí wọ́n ti wọ̀n. Oògùn àgbà kì í ṣe ti ọmọdé. Bí ara tilẹ̀ yá, ẹ lo oògùn tí wọ́n fún yín tán. Ẹ lè ṣẹ́ aṣọ kù, ẹ lè ṣẹ́ bọ́tìnì kù. Ẹ má ṣẹ́ oògùn ibà kù.